Wáípà Tó Ń Nu Òjò Tí Kò Rọ̀

Òótọ́ ni ohun tí ẹ fẹ́ kà yìí. Mo mọ̀ pé bí wọ́n ṣe máa ń wí nìyẹn kí wọ́n tó purọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó dé ìsọ̀ àwọn rẹ́wáyà ní Táíwò Road, kó béèrè mọ́tò aláwọ̀ eérú tí kò ní apá wáípà. Wọn á júwe ẹni tó ni ín fún un. Wọn ò ní rẹ́rìn-ín. Ìyẹn nìkan ti tó ẹ̀rí, nítorí kò sí ohun tí àwọn èèyàn yẹn kì í fi rẹ́rìn-ín.

Abdulmumini ló ni mọ́tò náà. Iṣẹ́ iná mọ́tò ló ń ṣe, ó sì ka ìwé dé Pólì kó tó gbé irinṣẹ́ rẹ̀ sábẹ́ igi. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé Pólì yẹn. Bó bá ń so wáyà mọ́ wáyà lásán, á máa ṣàlàyé ohun tí iná ń rò lọ́kàn.

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, oòrùn mú ganrín-ganrín. Òjò ti pẹ́. Ìgbà tó yẹ kí àgbàdo ti yọ orí nílẹ̀, eruku ló ń yọ. Abdulmumini dúró níwájú mọ́tò rẹ̀, àwọn èèyàn yí i ká, ó gbọ́wọ́ sókè bí àfáà tó fẹ́ ṣe wáàsí.

"Ẹ wò ó dáadáa," ó ní. "Kámẹ́rà kékeré tí ẹ ń wò lẹ́yìn gíláàsì yìí, èmi ni mo tò ó. Gíláàsì ló ń ṣọ́. Bí omi bá ti kán sí i, kò ní dúró gbàṣẹ lẹ́nu mi. Á gbé wáípà dìde, á nù ún."

"Á nù ún," Ọláyíwọlá gbè é lẹ́yìn, bí ẹni ń ṣàmín.

Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni Ọláyíwọlá. Láti Pólì ni òun àti Abdulmumini ti jọ ń bá ara wọn bọ̀. Físíìsì ló ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ẹ̀kọ́ girama kan, bó bá sì ti ṣíwọ́, ìsọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló máa ń yà sí, kó lè fi í ṣẹ̀fẹ̀ kó tó lọ sílé. Ike omi wà lọ́wọ́ rẹ̀, irú èyí tí àwọn agẹrun fi ń fín omi sórí èèyàn. Ó fín in lẹ́ẹ̀kan. Kò tíì sọ ọwọ́ kalẹ̀ tí wáípà fi dìde, ó gbá omi lọ, ó padà sùn.

Àwọn èèyàn hó yèè.

"Fín in sí igun ọ̀hún," ni Abdulmumini wí.

Ọláyíwọlá fín in. Wáípà dìde.

"Tutọ́ sí i."

"Kí n tutọ́ sí mọ́tò ẹni ẹlẹ́ni? Wọ́n kọ́ mi nílé." Ọláyíwọlá rò ó wò díẹ̀. "Ṣùgbọ́n tìẹ ni, kò burú." Ó tutọ́ sí i. Wáípà nu itọ́ náà mọ́ tónítóní.

Bàbá àgbàlagbà kan tó ń ta táyà lódìkejì na ọrùn. "Ṣé ọ̀nà ni kámẹ́rà yẹn ń wò?"

"Rárá o, Bàbá," ni Abdulmumini wí. "Ẹ gbé ìka yín kan síwájú imú." Bàbá gbé e. "Ẹ tẹjú mọ́ ìka. Ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó di kùrukùru."

"Ẹ wá tẹjú mọ́ ògiri."

"Ìka ló di òjìji."

"Ó tán! Bí ojú kámẹ́rà ṣe rí nìyẹn. Àwọn tó ti ṣe irú ẹ̀ ṣáájú mi, ọ̀nà ni wọ́n ní kó máa wò. Omi orí gíláàsì wá di kùrukùru lójú ẹ̀, òjò ń rọ̀, kò mọ̀. Èmi yí òrùka ojú ẹ̀ títí ó fi tẹjú mọ́ gíláàsì nìkan, mo sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pa. Ẹ̀kán omi á mọ́ bí ojú ẹja. Ọ̀nà lè di kùrukùru bó bá wù ú, ṣèbí èmi ni mo ń wa mọ́tò."

"O lè dín ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé kù," ni Ọláyíwọlá wí. "Á rí ìtòsí, á rí òkèèrè."

"Á rí méjèèjì, òkùnkùn á sì bo méjèèjì. Tíṣà, ṣé abẹ́ oòrùn ni òjò tìẹ ti ń rọ̀? Ìgbà tí sánmà bá ṣú ni mo nílò ẹ̀."

Ọláyíwọlá gbà pé òótọ́ ni, ìyẹn sì dùn ún díẹ̀.

Abdulmumini wá fọwọ́ lu bọ́nẹ́ẹ̀tì. "Ohun tí kámẹ́rà yìí ò bá rí, kò sí níbẹ̀. Ohun tó bá sì rí, ó ti parẹ́ nìyẹn. Láti òní lọ, ẹ̀kán omi kan ò ní ríbi jókòó sí lójú gíláàsì mi mọ́. Wàláì!"

"Fi inṣà Állàhù kún un," ni bàbá alátáyà wí.

"Ẹ̀rọ ni, Bàbá. Ẹ̀rọ ò gba inṣà Állàhù."

Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín sí ìyẹn. Kì í ṣe nítorí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run nìkan. Gbogbo wọn ló mọ ìdí tó fi búra.

Ìyàwó rẹ̀ ni Binta, ọmọ ilé àfáà ní Gàmbàrí. Nígbà tí Binta wà láyé, wáípà mọ́tò yẹn kú. Mọ́tò ẹni tó ń tún ti gbogbo ìlú ṣe! Bí òjò bá ká wọn mọ́ ojú ọ̀nà, Abdulmumini á rọra dúró. Binta á fa àkísà yọ lábẹ́ àga, á bọ́ sílẹ̀, á nu gíláàsì, á padà wọlé, omi á máa kán tótó lára híjáàbù rẹ̀.

"Lọ́la ni n ó tún un ṣe," ọkọ á wí.

"Lọ́la tìẹ yìí ti hu irùngbọ̀n," ìyàwó á wí.

Wọn á rẹ́rìn-ín, wọn á máa lọ.

Òjò ìkẹyìn ọdún tó kọjá, nítòsí afárá odò Asà, Binta bọ́ sílẹ̀ bí ìṣe rẹ̀. Ó dúró níwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó gbé àkísà lé gíláàsì. Ọkọ rẹ̀ wà ní ìdí sítíárìn, ó ń wo ọwọ́ náà bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn omi. Ojú rẹ̀ ò hàn. Tírélà kan já kúrò lójú ọ̀nà tirẹ̀. Ọwọ́ náà lọ. Kò bọ̀ mọ́.

Kí wọ́n tó pe ìrun Mọ̀gáríbì, wọ́n ti sin ín.

Kò sí fọ́tò kankan tí ojú rẹ̀ hàn. Nílé tí wọ́n bí i sí, wọn kì í ya àwòrán ohun ẹlẹ́mìí, Binta sì di èyí mú dé ilé ọkọ. Fọ́tò ìgbéyàwó wọn kan wà, ṣùgbọ́n ìbòjú dúdú ló bò ó láti òkè délẹ̀. Ẹnikẹ́ni ló lè jẹ́ obìnrin tí Abdulmumini jókòó tì nínú fọ́tò yẹn.

Ìyá Lámì, ìyá tó bí Binta, ló kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ náà. Àwọn náà ló wá ń jẹ ìyà rẹ̀. Ní gbogbo Jímọ̀, Abdulmumini máa ń lọ kí wọn ní Gàmbàrí, á fi mọ́tò gbé wọn yí ìlú kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí wọn. Lọ́jọ́ kan, bí wọ́n ṣe ń lọ, Ìyá Lámì sọ̀rọ̀ láìwo ẹ̀gbẹ́.

"Ọkọ Binta."

"Ìyá."

"Ojú rẹ̀ ń lọ lọ́kàn mi."

Abdulmumini rọra dín eré mọ́tò kù.

"Mo rántí ohùn rẹ̀. Mo rántí ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí mo bá ní kí n rí ojú rẹ̀, ojú àbúrò mi ni mo ń rí. Èmi tí mo bí i." Wọ́n fa ìborùn wọn síwájú. "N ò ní pẹ́ lọ bá a. Ìyẹn ò bà mí lẹ́rù. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé kí n má lọ kọjá lára ẹ̀ lọ́hùn-ún bí ẹni tí n ò mọ̀ rí. Bí mo bá lè rí i lẹ́ẹ̀kan péré."

Ó gbé wọn délé. Wọn ò tún sọ ọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò yẹn.

Jímọ̀ tó tẹ̀lé ìbúra ni wáípà kọ́kọ́ ṣe ohun tó ṣe.

Wọ́n ti kúrò ní Gàmbàrí, wọ́n ń lọ sí apá Basin. Oòrùn ń wọ̀. Ojú ọ̀nà dá. Ewé kan ò mì. Sánmà funfun bí eérú, kò sí ìkùukùu kan níbẹ̀.

Wáípà dìde.

Ó gba orí gíláàsì gbígbẹ kọjá. Gìì. Ó padà. Gìì. Ó sùn.

Ìyá Lámì yọjú wo òkè. "Ṣé òjò ń rọ̀ ni?"

"Rárá, Ìyá. Eruku ni yóò jẹ́."

Gìì. Gìì.

Abdulmumini na ọwọ́ síta, ó fi tọ́ gíláàsì. Ó gbẹ. Ó gbóná. Ó fa ọwọ́ wọlé.

"Kí ló ń rùn báyìí?" Ìyá Lámì béèrè.

Òun náà ti gbọ́ òórùn náà. Aṣọ tútù. Aṣọ tí òjò pa, tí wọ́n ká sábẹ́ nǹkan. Ó tẹ mọ́tò. Nígbà tí wọ́n délé, ó wo abẹ́ àga. Àkísà Binta wà níbẹ̀, níbi tí òun fúnra rẹ̀ dá a padà sí lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín. Ó gbẹ bí ẹja yíyan.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, wáípà ṣe é lójú gbogbo Táíwò Road. Ọ̀sán gangan. Gìì, gìì, gìì. Àwọn rẹ́wáyà yòókù sá jáde wá wòran. Ẹnì kan ṣí agbòòrùn. Ẹnì kan ká ṣòkòtò sókè, ó ń rọra gbẹ́sẹ̀ bí ẹni ń la àgbàrá kọjá.

"Ẹnjiníà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá òjò yìí dúró!"

"Ohun tí kámẹ́rà ò bá rí, kò sí níbẹ̀," ni Ọláyíwọlá ń wí, omijé ẹ̀rín lójú rẹ̀. "Ó rí i ni! Ẹ̀yin lẹ fọ́jú!"

Abdulmumini ò rẹ́rìn-ín. Ó fa fóònù rẹ̀ yọ. Bó ṣe to ẹ̀rọ náà, àwòrán kan péré ló máa ń tọ́jú: èyí tó yà kẹ́yìn, kí wáípà tó dìde. Bí tuntun bá dé, ti tẹ́lẹ̀ á lọ. Ó ṣí àwòrán náà.

Omi wà lójú gíláàsì.

Ẹ̀kán omi kún un láti igun dé igun, ó mọ́ roro. Lẹ́yìn omi náà, Táíwò Road jẹ́ kùrukùru, bó ṣe yẹ kó rí. Abdulmumini gbójú sókè wo gíláàsì fúnra rẹ̀. Eruku ló wà níbẹ̀, àti ìlà tí wáípà fà sínú eruku.

Ọláyíwọlá yọjú wo fóònù léjìká rẹ̀. "Àwòrán ìgbà tá a fín omi nìyí."

"Rárá. Wo aago tó wà nísàlẹ̀. Ìṣẹ́jú yìí ló yà á."

"Fẹ̀ ẹ́ kí n rí i." Abdulmumini fi ìka méjì fẹ àwòrán náà títí ẹ̀kán omi kan fi kún ojú fóònù. Ọláyíwọlá ṣì ń fi ohùn tíṣà sọ̀rọ̀. "Ṣé o rí i pé ọ̀nà wà nínú ẹ̀? Ó sì dorí kodò. Bẹ́ẹ̀ ni omi ń ṣe. Ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan jẹ́ ojú kámẹ́rà fúnra ẹ̀, ó ń dojú ayé délẹ̀. Tí o bá tẹjú mọ́ gíláàsì, ọ̀nà á sọ nù níta, á wá mọ́ nínú..."

Ó fa fóònù náà súnmọ́ ojú.

Nínú ẹ̀kán omi náà, ilé dorí kodò, igi dorí kodò. Níwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì, níbi tí kò sí ẹnì kankan, obìnrin kan dúró nínú omi, orí rẹ̀ nísàlẹ̀, ó wọ híjáàbù. Nǹkan kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tẹrí ba. Abdulmumini sún àwòrán náà lọ sí ẹ̀kán mìíràn. Ó wà níbẹ̀. Ó sún un sí òmíràn. Ó wà níbẹ̀.

Ariwo ẹ̀rín ṣì ń lọ lẹ́yìn wọn. Ọláyíwọlá bọ́ fìlà.

"Mumini," ó rọra wí, "máa lọ sílé."

Kò lọ sílé. Gàmbàrí ló lọ.

Ilẹ̀ ò tíì ṣú. Ìyá Lámì jáde wá, wọ́n jókòó sí àga iwájú nínú mọ́tò, wọ́n fi awò sójú. Abdulmumini ò sọ ohun tó rí fún wọn. Ó ní kí wọ́n kàn jókòó díẹ̀. Níta, àdúgbò dákẹ́ lọ́nà tí Gàmbàrí kì í gbà dákẹ́. Kò sí ẹni tó ń polówó. Kò sí ewúrẹ́ tó ń ké. Òórùn aṣọ tútù dé.

Gìì. Gìì.

Ó na fóònù sí wọn. Obìnrin náà ti súnmọ́ tòsí. Ó ti dúró gan-an níbi tí Binta máa ń dúró sí. Abdulmumini yí fóònù padà kí orí lè wà lókè, kí ẹsẹ̀ lè wà nílẹ̀.

Ìyá Lámì wò ó. Wọ́n fi ìka kan orí rẹ̀, bí ẹni ń wá ibi tó ń dun ọmọ.

"Ó yí híjáàbù rẹ̀ padà," wọ́n ní. "Inú ló wà níta. Wo ojú rírán."

"Kí nìyẹn túmọ̀ sí, Ìyá?"

"Ìwọ ò mọ̀? Lọ́la ńkọ́, tí gbogbo ìlú ń lọ sí Yídì láti tọrọ òjò? Ṣé ẹ ò ní yí aṣọ yín padà ni?" Wọ́n tún wò ó. "Òjò lòun náà ń tọrọ. Kí ló fẹ́ fi òjò ṣe?"

Abdulmumini mọ ibi tí obìnrin náà ti ń hàn. Nínú omi nìkan ni.

"Ó tẹrí ba," Ìyá Lámì wí. "Bó bá gbé e sókè, n ó rí i. Ọkọ Binta, pa apá wáípà yẹn. Fi gbogbo ìyókù sílẹ̀ bó ṣe wà, pa apá yẹn nìkan. Má jẹ́ kó máa nù ún."

Bó bá ṣe bí wọ́n ṣe wí ni, fíúsì kan péré ló máa yọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó lọ sí Pólì ni.

"Ìyá, inú ẹ̀kán omi ti kéré jù," ó ní. "Ojú ò lè hàn níbẹ̀. Bí ó bá wà nínú omi, á jẹ́ pé ó wà níta, níwájú mọ́tò. Kámẹ́rà ni kò wo ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n yí ojú rẹ̀ kọjá gíláàsì díẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ la máa rí, ní ìnàró, tó tóbi bó ṣe tóbi."

"Fi í sílẹ̀ bó ṣe wà."

"Ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún oníṣẹ́, Ìyá."

Ó fi ọ̀bẹ kékeré fọ́ gọ́ọ̀mù náà. Ó yí òrùka ojú kámẹ́rà. Kò yí i ju kí irun orí kan kọjá lọ. Lórí fóònù, omi yọ́. Ó di kùrukùru, ó tán. Ojú ọ̀nà Gàmbàrí jáde wá, ó mọ́ kedere: ògiri, ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí, adìyẹ kan. Níwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì, kò sí ẹnì kankan.

Wọ́n dúró. Wáípà ò dìde mọ́. Òórùn náà ti lọ. Níta, ewúrẹ́ kan ké, ẹnì kan pe ọmọ rẹ̀.

Ìyá Lámì ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò, wọ́n bọ́ sílẹ̀, wọ́n wọ inú ilé lọ. Wọn ò pa á dé.

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo ìlú kí ìrun òjò ní Yídì. Abdulmumini yí bùbá rẹ̀ padà bíi gbogbo èèyàn, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè. Kò sí ẹni tó tọrọ òjò tó o lọ́jọ́ náà. Àwọn àgbẹ̀ pàápàá ò tó o.

Ìrun Làásárì ló ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà tí sánmà ṣú dẹ̀dẹ̀. Abdulmumini ti wà ní Gàmbàrí kí ẹ̀kán àkọ́kọ́ tó bọ́. Ìyá Lámì ti ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà, awò wọn lójú. Wọ́n wọlé sínú mọ́tò, wọn ò kí i.

Òjò dé. Ó lu páànù, ó lu bọ́nẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọmọdé ń pariwo níta, àwọn àgbà ń ké Àlámùdù lílàhí. Omi kán sójú gíláàsì, ó jókòó, òmíràn jókòó tì í. Wáípà ò mì. Kámẹ́rà ń wo òkèèrè, kò mọ̀ pé òjò ń rọ̀. Gíláàsì tí ẹ̀kán omi kan ò ní ríbi jókòó sí lójú ẹ̀, omi ti kún un láti igun dé igun.

Ariwo òjò nìkan ló kù. Lẹ́yìn náà, bí ẹni tí wọ́n fi ọwọ́ bo etí rẹ̀, ariwo náà jìnnà.

Òórùn aṣọ tútù.

"Ọkọ Binta," Ìyá Lámì wí. Ohùn wọn kéré. "Ó wà níbẹ̀."

"Níbo?"

"Nínú omi. Nínú gbogbo ẹ̀."

Abdulmumini tẹjú títí ojú rẹ̀ fi ń ta á. Omi ló rí. Nínú omi, ògiri dorí kodò, mọ́sálásí dorí kodò. Kò rí ẹnì kankan.

"Ó ń gbé orí sókè," ni Ìyá Lámì wí. Wọ́n ti súnmọ́ gíláàsì débi pé èémí wọn ń bò ó. "Rọra, ọmọ mi. Rọra. Jẹ́ kí n rí ẹ."

Ohun tó wá sí Abdulmumini lọ́kàn ò burú. Ó fẹ́ mú un fún wọn. Ó fẹ́ kí ojú yẹn wà lórí fóònù, kí wọ́n lè máa rí i láàárọ̀ àti lálẹ́ títí wọn yóò fi lọ bá a. Ó na ọwọ́ sí kámẹ́rà. Ó yí òrùka padà, díẹ̀, díẹ̀ sí i. Lórí fóònù, ọ̀nà di kùrukùru. Omi mọ́ roro.

Kámẹ́rà rí i.

Wáípà dìde.

Ó gbá gbogbo rẹ̀ lọ, ó sì padà. Òjò tún kán, ó tún gbá a. Kò pariwo lọ́tẹ̀ yìí. Ó ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ kí wáípà ṣiṣẹ́. Abdulmumini dorí kodò sábẹ́ sítíárìn, ó ń wá fíúsì. Lókè orí rẹ̀, ó ń gbọ́ ọ bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Nígbà tó rí fíúsì yọ, apá náà dúró sí àárín gíláàsì.

Ariwo òjò ti padà sí bó ṣe wà.

Ó gbé fóònù. Àwòrán kan péré, èyí tó kẹ́yìn. Ẹ̀kán omi tó mọ́ bí ojú ẹja. Nínú kọ̀ọ̀kan, Gàmbàrí dorí kodò. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀.

"Ìyá, ṣé ẹ rí ojú rẹ̀?"

Ìyá Lámì ń wo ibi tí apá náà dúró sí.

"O nù ún, ọkọ Binta," wọ́n ní.

Ìyẹn náà ni gbogbo ohun tí wọ́n wí.

Abdulmumini fi ayùn irin gé apá wáípà méjèèjì lọ́jọ́ kejì. Àwọn rẹ́wáyà yòókù wò ó. Ẹnì kan ti la ẹnu láti sọ̀rọ̀, Ọláyíwọlá di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kámẹ́rà náà ṣì wà lẹ́yìn gíláàsì. Ó ti yí òrùka rẹ̀ síwá, ó ti yí i sẹ́yìn. Bó bá fín omi sí i, kámẹ́rà á rí omi. Kò tún rí nǹkan mìíràn mọ́.

Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti ṣú, ibi yòówù tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti dí, á ju iṣẹ́ sílẹ̀, á gba Gàmbàrí lọ. Ìyá Lámì á ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọn á jókòó síwájú, òun á jókòó sí ìdí sítíárìn, wọn á máa wo omi. Òjò á rọ̀, á dá. Wọn ò rí nǹkan kan.

Lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, Ìyá Lámì sọ̀rọ̀.

"Bọ́ sílẹ̀."

"Nínú òjò yìí, Ìyá?"

"Bí ìwọ bá ti wà nídìí sítíárìn, iṣẹ́ ni ọmọ mi máa rò pé o fẹ́ rán òun."

Abdulmumini fa àkísà yọ lábẹ́ àga, ó bọ́ sílẹ̀. Ó lọ dúró níwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì, àkísà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò nu nǹkan kan. Òjò gba ọrùn bùbá rẹ̀ wọlé, ó dé ẹ̀yìn rẹ̀. Láti ibẹ̀, kò rí inú mọ́tò dáadáa. Omi bò ó. Ó kàn ń rí funfun ìborùn Ìyá Lámì lẹ́yìn gíláàsì.

Ó pẹ́ díẹ̀.

Òrùka ọwọ́ wọn kan gíláàsì láti inú. Kó, kó. Wọ́n ń fi ọwọ́ júwe.

"Yẹ̀ díẹ̀," ó gbọ́ ohùn wọn, ó jìnnà. "O dí i."

Ó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ọ̀tún. Ó wo òsì. Òjò ló wà níbẹ̀.

"Ìyá," ó pè, "ṣé ó ti gbójú sókè?"

Wọ́n tún kan gíláàsì.

Ó yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ó fi àyè ẹnì kan sílẹ̀.